Oúnjẹ Tí À Ń Sè fún Kòkòrò

Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní lábù kékeré kan l'Ájégúnlẹ̀, òórùn kan wà tí mi ò lè fọ kúrò lára aṣọ mi: òórùn oúnjẹ tí à ń sè fún kòkòrò àrùn. Ó dà bí omi ẹran tó sùn mọ́jú. Bí oúnjẹ náà bá tutù, á dì bí ẹ̀kọ nínú àwo, a ó wá fi ohun tí a gbà lára aláìsàn ra ojú rẹ̀. Iná kì í dúró. Jẹnẹrétọ̀ ló ń mú kí àpótí tí à ń kó àwọn àwo náà sí móoru, èmi ni mo sì ń sáré bu epo sí i. Ó rẹ̀ mí dé eegun, síbẹ̀ mo rò pé èmi ni mo máa gba gbogbo ayé là.

Ọkùnrin kan wá bá wa, ó ń já ẹrù ní wáàfù Àpápá. Irin kọntéínà ló gé e lẹ́sẹ̀. Bíi ti ọ̀pọ̀ èèyàn àdúgbò wa, kápúsù pupa-àti-yẹ́lò, oògùn tó ń pa kòkòrò, ló ń tú dà sójú egbò náà, á tún gbé díẹ̀ mì. Tí ìrora bá ti rọlẹ̀, ó di ẹnu iṣẹ́. A fi iyọ̀ púpọ̀ sí oúnjẹ inú àwo tiẹ̀, kí àwọn kòkòrò yòókù má lè hù, kí èyí tí à ń wá nìkan hù. Nígbà tó hù, a gbé e sí àwo mìíràn, a to bébà róbótó tí wọ́n ti rẹ sínú oríṣiríṣi oògùn lé e. Ibi tí oògùn bá ti lágbára, kòkòrò kì í sún mọ́ ọn. Ti ọkùnrin yìí hù dé etí gbogbo bébà náà àfi ẹyọ kan. Ọ̀gá wa obìnrin wò ó títí, ó ní ohun tí àwa fi iyọ̀ ṣe nínú àwo, ọkùnrin náà ti fi kápúsù ṣe é lójú egbò: àwọn tí kò lágbára ti kú, àwọn tó le ló kù.

Abẹ́rẹ́ ni oògùn kan tó kù yẹn. Ó gba díẹ̀ nínú iye tó yẹ kó gbà, ẹsẹ̀ fúyẹ́, ó sì sáré padà sí wáàfù, torí ẹni tí kò bá yọjú níbẹ̀, ẹlòmíì ni wọ́n máa fi rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó fi padà wá, oògùn yẹn náà ò ran kòkòrò ọ̀hún mọ́. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Ó dùn mí débi pé mi ò lè jẹun.

Mo lọ kí i nílé. Dókítà ló máa ń pè mí, mo sì máa ń jẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Dókítà, kòkòrò yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti kú?"

Mo sọ òótọ́ fún un, pé ọ̀gá ti tọ́jú rẹ̀ sínú fíríìjì, pé òun la fi ń dán oògùn wò, pé èmi ni mo ń se oúnjẹ rẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ dáadáa o. Ẹsẹ̀ mi ló jẹ dàgbà."

Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò ní lábù yẹn. Ó ti sú mi láti máa sọ fún aláìsàn pé oògùn báyìí ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó kúrò, ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi bọ́ kòkòrò náà, tìṣọ́ratìṣọ́ra, kò sì sí ìgbà kan tí mo gbé oúnjẹ sí i tí mi ò rántí ohun tó kọ́kọ́ jẹ.