Ìyá Lọ Sóko, Kí Ló Gbé Bọ̀?

Mo rántí ìgbà tí ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí nítorí ọmọ mi kan ṣoṣo. Ó ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́ta, kò tíì sọ̀rọ̀. Bí mo bá pè é, yóò wò mí, yóò rẹ́rìn-ín, kò ní wí nǹkan kan. Ní Ìpàpó tí mo fẹ́ ọkọ sí, àwọn aládùúgbò ti ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé odi ni. Mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá wọlé, n óò tún pè é, bóyá yóò dáhùn.

Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò sọ pé kò sí ohun tó ṣe etí rẹ̀, pé kí n máa kọrin fún un lójoojúmọ́. Orin kẹ̀? Èmi tí wọ́n lé kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin nítorí ohùn ọ̀pọ̀lọ́! Ìyá ọkọ mi ló bá mi wá orin. Bí a bá ń bẹ iṣu èlùbọ́, wọn a dá a pé, "Ìyá lọ sóko, kí ló gbé bọ̀?" Wọn a wá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, wọn a dákẹ́, wọn a máa wo ẹnu ọmọ. N kò lè fara da ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ó dà bíi pé ó ń sọ fún mi pé odi ni mo bí. Kíá ni mo máa ń fi ohùn mi dí i: "Iṣu!"

"Ìyàwó, ṣé ìwọ ni mo bi léèrè ni? Fi àyè sílẹ̀ fọ́mọ. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Ẹ má bínú, Ìyá," ni n óò wí. Bó bá di ọ̀la, n óò tún ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, èmi àti ìyá ọkọ mi ń tu ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ọkà bàbà tó ga ju ènìyàn lọ. Mo tẹ́ ẹní fún ọmọ lábẹ́ igi òrí. Nígbà tí n óò bojú wẹ̀yìn, ẹní nìkan ló ṣẹ́kù. Ẹ̀rù tó bà mí, n kò rí irú rẹ̀ rí. Inú oko yẹn ni àwọn ọdẹ máa ń dẹ tàkúté ọ̀yà sí, tàkúté onírin tó lè ṣẹ́ àgbàlagbà lẹ́sẹ̀. Mo kó sínú ọkà, mò ń pariwo orúkọ rẹ̀. Ta ni yóò dá mi lóhùn? Ọmọ tí kò dáhùn nínú ilé rí! Mo yà sọ́tùn-ún, ọkà. Mo yà sósì, ọkà.

Ìyá ọkọ mi kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Yé pariwo! Kọrin fún un!"

Mo mú orin náà. "Ìyá lọ sóko, kí ló gbé bọ̀?" Ibẹ̀ ni ẹkún ti dí mi lọ́fun, n kò lè sọ "iṣu". Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo dákẹ́. Kì í ṣe pé mo gbọ́n, agbára mi ló pin.

"Ṣu!"

Ohùn kékeré kan ni, láti apá òsì. Mo tún un kọ, mo tún dúró. "Ṣu!" Bẹ́ẹ̀ ni mo fi orin tọ̀ ọ́ lọ, títí mo fi bá a níbi tó jókòó sí, tó ń fa ewé ọkà ya. Tàkúté kan wà níwájú rẹ̀, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ, ó la ẹnu sílẹ̀.

Ọmọ náà ti di géńdé, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi báyìí. Ìyá ọkọ mi ti lọ sinmi. Èmi ni mo ń kọ orin náà fún àwọn ọmọ àdúgbò. Bí mo bá ti béèrè pé, "Kí ló gbé bọ̀?", mo máa ń dákẹ́. Ẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́ yẹn ṣì ń bà mí, ṣùgbọ́n n kì í bá wọn dáhùn mọ́.