Àwọn Orin Fíìmù Íńdíà tí Mo Kọ Nílé Àǹtí

Òórùn bílíìṣì àti àlùbọ́sà díndín ló kún ilé ìdáná lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ mọ̀ pé mo wà nínú ewu. Peckham ni, ní Lọ́ńdọ̀nù, nínú fúláàtì kan tí mi ò ní dárúkọ òpópónà rẹ̀ níbí. Mo ń fọ abọ́, mo sì ń fi imú kọ orin fíìmù Íńdíà kan, ọ̀kan nínú àwọn tí obìnrin máa ń fi ohùn tín-ín-rín gbé sókè bí èéfín ààrò láàárọ̀ tí atẹ́gùn ò fẹ́. Nígbà tí mo yíjú, Àǹtí ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò bínú. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí mo ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀, mi ò sì rí i kó rẹ́rìn-ín sí mi rí.

Ó ní, “Ta ló kọ́ ẹ lórin yẹn?”

Mo ní bàbá mi ni. Ó bi mí pé mélòó ni mo mọ̀. Mo ní mi ò lè kà wọ́n tán.

“Má sọ fún ẹnikẹ́ni,” ló wí, ó sì rọra fa ilẹ̀kùn dé.

Ẹni tó bá ti gbé lábẹ́ ẹlòmíì mọ̀ pé ìbínú máa ń rọlẹ̀ nígbà tó bá yá. Ṣùgbọ́n tí ẹni tó dì ọ́ mú bá ti rí ohun tó wúlò lára rẹ, ó tán, kò ní jẹ́ kí o lọ mọ́.

Àǹtí kì í ṣe ẹbí mi. Ọkọ rẹ̀ ló ni ilé tí àwọn òbí mi háyà yàrá kan sí ní Mushin. Lẹ́yìn ikú bàbá mi, Àǹtí wá sílé láti Lọ́ńdọ̀nù, ó ní kí n bá òun lọ, kí n máa bá òun tọ́jú àwọn ọmọ, òun á sì fi mí síléèwé. Mo ti lé lógún ọdún nígbà náà, èmi nìkan sì ni ìyá mi bí. Ní pápákọ̀ òfurufú ló ti gba páásípọ́ọ̀tù mi, ó ní kó má baà sọnù. Mi ò fojú kàn án mọ́. Mi ò sì ní kọ́kọ́rọ́ ilé.

Bàbá mi ló ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà sinimá. Lọ́sàn-án Sátidé, á jẹ́ kí n jókòó sórí àpótí kan lẹ́yìn pátápátá. Tó o bá wọ irú sinimá bẹ́ẹ̀ rí, ìwọ náà á rántí: kò sẹ́ni tó gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè wọn, síbẹ̀ gbogbo èrò á kọ ọ́ dópin. Orin á dé, ìjà á dúró, òjò á máa rọ̀ sórí ọmọge aláṣọ pupa, fèrè á ké lẹ́ẹ̀kan, gòjé bíi mélòó kan á sì dáhùn bí ẹni pé àwọn ènìyàn ń mí pọ̀. Akọrin ò ní kánjú. Á di ọ̀rọ̀ kan mú, á yí i po, á rọ̀ ọ́, á tún gbé e padà, títí omi á fi bọ́ lójú rẹ láìmọ ohun tó ń wí. Orin ìsinsìnyí ò ní irú sùúrù yẹn. Bàbá mi máa ń sọ pé àwọn yẹn mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀.

O mọ bí àwọn obìnrin àsàlátù wa ṣe máa ń yá ohùn orin Íńdíà, tí wọ́n á fi ọ̀rọ̀ ìyìn Ọlọ́run àti Ànábì sí i. Ohun tí Àǹtí rí lára mi nìyẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀, bí mo ṣe ń lọ aṣọ ni mo ń wá ohùn, tí mò ń to ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i. Tó bá di Sunday, Àǹtí á kọ ọ́ fún ẹgbẹ́ àsàlátù tó ń pàdé nílé rẹ̀ bí ẹni pé òun ló ni ín. Àwọn kan ń ti Bermondsey àti Sydenham wá gbọ́ ọ. Èmi á wà ní ilé ìdáná, màá máa bu ìrẹsì, màá máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ara mi lára ògiri. Obìnrin kan sọ pé Ọlọ́run ló ń fi orin rán Àǹtí wa níṣẹ́. Àǹtí ní, “Alhamdulillahi.”

Nígbà tí mo béèrè iléèwé, ó wò mí láti òkè délẹ̀. “Tóo bá jáde níbí, ìmígíréṣọ̀n á gbé ẹ. Ìyá ẹ náà á wá ibòmíì sùn. Àbí ilé ta ló wà?”

Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń fún un lórin. Lẹ́yìn náà, orin tán nínú mi. Mo lo ohùn kan lẹ́ẹ̀mejì, mo rò pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ ní, “Àǹtí, èyí ti wọ bàtà ẹ̀gbọ́n ẹ̀ o.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Àǹtí náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi fún mi lóúnjẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tí mi ò jẹ́ bẹ̀ ẹ́ ṣe láé: ó ṣílẹ̀kùn fún mi. Ìyá Íńdíà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà Rye Lane tó ń ta ìrẹsì, ata gígún àti fíìmù àtijọ́, tó sì máa ń tan kásẹ́ẹ̀tì orin wọn nínú ṣọ́ọ̀bù. Àǹtí ní kí n máa lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án Wednesday, kí n gbọ́ orin tuntun méjì, kí n padà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, orin kan dé tí mo mọ̀ láti kékeré. Mi ò mọ ìgbà tí mo bá a gbè é. Ìyá náà gbé ọ̀bẹ tó fi ń ya àpò sílẹ̀, òun náà gbè é. A kọ ọ́ parí láàárín àwọn àpò ìrẹsì. Ó bi mí lédè Gẹ̀ẹ́sì pé níbo ni mo ti kọ́ ọ. Mo ní Mushin. Kò mọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó mi orí bí ẹni pé ó mọ̀ ọ́n.

Bá a ṣe ń bá a lọ nìyẹn fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Lọ́jọ́ kan ó ní kí n wá lọ́jọ́ ìsinmi mi, kí àbúrò òun lè gbọ́ ohùn mi. Mo bi í pé ìsinmi kúrò lẹ́nu kí ni? Ọ̀rọ̀ náà ò yé mi lóòótọ́. Ó pa kásẹ́ẹ̀tì náà.

“Ọmọ mi,” ló wí, “ta ló mú páásípọ́ọ̀tù rẹ dání?”

Mo ní ó ti tó àkókò tí mo gbọ́dọ̀ padà. Kò bi mí mọ́. Nígbà tí mo padà dé lọ́sẹ̀ kejì, obìnrin kan tí ìyá náà ránṣẹ́ pè, tó ń gba àwọn tí wọ́n fi ṣẹrú nínú ilé sílẹ̀, ti jókòó dè mí níbẹ̀. Mi ò padà sílé Àǹtí.

Ilé ààbò kan ní Catford ni wọ́n fi mí sí. Ìwé ìgbélùú mi pẹ́, ṣùgbọ́n ó dé, mi ò sì sá fún ìmígíréṣọ̀n mọ́. Síbẹ̀, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá bi mí pé ta ló dì mí mú, màá ní mo ti gbàgbé. Mo bẹ ìyá mi títí pé kó kó kúrò nílé ọkọ Àǹtí ní Mushin. Ó ní yàrá yẹn ni bàbá mi kú sí, òun ò lọ ibì kankan. Mi ò sì lè sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Àwọn tó gbọ́ ìtàn mi máa ń sọ pé orin ló gbà mí. Mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ká ní mi ò lórin lẹ́nu ni, ọ̀rọ̀ mi lè ti sú Àǹtí láàárín oṣù mẹ́fà, kó lé mi jáde. Mo ṣì ń gbọ́ àwọn orin náà. Mi ò tíì gbọ́ ohun tó dùn tó wọn láyé yìí. Ohun tó ń dùn mí ni pé tí fèrè bá ti ké, ọ̀rọ̀ tí mo fi sí i ló ń jáde, ohùn Àǹtí sì ni mo fi ń gbọ́ ọ.

Àárọ̀ Tuesday kan, mo wà nínú bọ́ọ̀sì, mò ń lọ síbi iṣẹ́. Obìnrin tí òun àti ìyá mi jọ háyà ilé pè mí, ó ní ìyá mi kírun àsùbáà, ó fara lélẹ̀, kò sì dìde mọ́. Ohun tó kọ́kọ́ dé bá mi kì í ṣe ẹkún. Ìrọ̀rùn ni. Èjìká mi méjèèjì wálẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá sọ ẹrù kalẹ̀. Ojú tì mí débi pé mo sọ̀kalẹ̀ níbi tí kì í ṣe ibi tí mò ń lọ. Ohun tí Àǹtí gbà lọ́wọ́ mi nìyẹn, ó ju orin lọ: ó sọ ikú ìyá mi di ohun tó tù mí lára.

Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kan, mo sunkún. Lẹ́yìn náà mo pe obìnrin tó gbà mí sílẹ̀, mo sọ orúkọ Àǹtí fún un, ti ọkọ rẹ̀, àti nọ́ńbà fúláàtì náà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó rọra bi mí pé báwo ni mo ṣe wá rántí lónìí.

Mo ní, “Mi ò gbàgbé rí. Ìyá mi kú láàárọ̀ yìí. Kò sẹ́ni tí wọ́n lè lé síta mọ́.”