Orin Òwú, Orin Owú

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ sí i. Ẹni tó bá rí ẹní, kó tẹ́ ẹ. Ẹni tí kò bá rí, àtẹ̀gùn ilé kì í bu ènìyàn jẹ. Ẹ gbé omi sí ìtòsí, nítorí èmi kì í sáré sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an, tí a bá sáré sọ ọ́, ibi tó dùn níbẹ̀ á bọ́ sọnù lójú ọ̀nà.

Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo ń sọ, kí á tó gba òmìnira, nígbà tí asọ̀rọ̀mágbèsì ń ké lára ògiri ilé àwọn tó rí jájẹ, tí àwa yòókù ń dúró lábẹ́ fèrèsé wọn gbọ́ ọ. Tí mo bá di ojú mi báyìí, afẹ́fẹ́ ọ̀sà ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́, kí n tó gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Afẹ́fẹ́ náà á gba ọ̀nà Èbúté Èrò wọlé, á gbé òórùn ẹja gbígbẹ àti èlùbọ́ dání, á wá máa yí po nínú àgbàlá wa bí àlejò tí kò mọ yàrá tí wọ́n ní kó wọ̀. Lẹ́yìn náà ni màá wá gbọ́ irin méjì tó ń kan ara wọn, kẹ́, kẹ́, kẹ́. Èmi nìyẹn, mo ń hun aṣọ.

Tíṣà ni mí. Orin àti eré orí ìtàgé ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé Mùsùlùmí kan tí kò jìnnà sílé wa. Ibi tí mo ti kọ́ṣẹ́ tíṣà ni mo ti kọ́ iṣẹ́ méjèèjì pọ̀: dùùrù títẹ̀ láàárọ̀, aṣọ híhun lọ́sàn-án. Obìnrin tó kọ́ wa ní híhun a máa sọ pé ọwọ́ tí kò níṣẹ́ ni í wá ìjà. Kò sọ fún wa pé ọwọ́ tó níṣẹ́ méjì náà lè pàdé ìjà lójú ọ̀nà.

Irin gígùn méjì àti òwú wúùlù nínú agbọ̀n, gbogbo irinṣẹ́ mi nìyẹn. Fìlà ìkókó ni mo ń hun, àti ìbọ̀sẹ̀ ìkókó, àti súwẹ́tà tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Aláboyún àdúgbò á ra òwú tó wù ú, á gbé e wá bá mi kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé. Àwọn ọkùnrin tó ń ta ayò níwájú ilé a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Tíṣà, òtútù wo ló wà l'Ékòó tí ẹ ń hun aṣọ fún?"

"Ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ dé ná. Ẹ ó wá yá fìlà ọmọ yín dé."

Nígbà mìíràn n kì í mọ èwo nínú iṣẹ́ méjèèjì ni mò ń ṣe. Àwọn ọmọ á máa kọrin ní kíláàsì, ìka mi á máa hun afẹ́fẹ́. Tí mo bá wá délé tí mo gbé irin, ìlà tí mo ń hun á di ẹsẹ orin, ojú òwú tó bá já bọ́ lórí irin á dún létí mi bí ohùn ọmọ tó ṣi orin gbà. Mo máa ń rò ó pé okùn kan ṣoṣo ló wà nínú ayé mi. Ó bẹ̀rẹ̀ nínú agbọ̀n, ó gba fèrèsé kíláàsì kọjá, ó rìn lórí páànù ilé onílé, ó sì rọra wọ inú ọ̀sà lọ. Àwọn ọmọ ń fi ẹnu fà á níbẹ̀, èmi ń fi irin fà á níhìn-ín.

Ẹni tó jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ ṣeé ṣe ni ìyáálé mi. Apọ́nbéporé obìnrin ni, àwọn ọmọ tirẹ̀ ti dàgbà, wọ́n ti kó jáde. Àlùbọ́sà àti ata gbígbẹ ló ń tà lẹ́nu ọ̀nà ilé wa. Ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò nígbà náà. Tí a bá ti kírun àsùbáà tán, tí mo ń wọṣọ ilé-ìwé, ìyáálé mi á na ọwọ́ méjèèjì.

"Ìyàwó, gbé ìyẹn wá."

Ọmọ ni "ìyẹn." Á gbé e lé itan, á fi ọwọ́ kan dì í mú, á fi èkejì máa ṣa àlùbọ́sà. Lẹ́yìn ìrun àlàásárì, tí mo bá ti gbé agbọ̀n òwú mi jáde, á tún na ọwọ́. Bí kò bá sí ọwọ́ méjì yẹn, n kò lè ṣe iṣẹ́ kan, ká má tíì sọ méjì.

Ó wá ku díẹ̀ kí ilé-ìwé parí ọdún, hẹ́dímásítà ní kí n ṣe eré kan tí àwọn òbí yóò wá wò. Èmi náà kọ eré òwú. Ọmọ kan á ṣe òwú, á funfun báláú. Òmíràn á ran án, òmíràn á pa á láró, òmíràn á hun ún, títí gbogbo wọn á fi dì mọ́ra di aṣọ kan. Mo kọ ọ̀rọ̀ orin rẹ̀ ní Yorùbá, mo wá gbé e lé orin òyìnbó kan tí mo mọ̀ láti ibi tí mo ti kọ́ṣẹ́, orin tó dùn bí oorun ọ̀sán.

Òwú wọlé, ẹ wá wò ó,
Ó funfun lójú, ó dúdú nínú ìkòkò,
Ó lọ́ mọ́ra, kò fẹ́ tú.

Kíá ni àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n. Wọ́n kọ ọ́ délé, wọ́n kọ ọ́ lọ sí ibi omi ẹ̀rọ. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mò ń hun fìlà, mò ń gbọ́ orin mi láti ilé dé ilé, inú mi ń dùn bí ẹni tó ń lá àlá tí kò fẹ́ jí.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé ọmọ dé ọ̀dọ̀ ìyáálé mi. Kò na ọwọ́.

"Gbé ọmọ rẹ. Èmi kò mọ ọmọ olórin gbé."

Mo rò pé àwàdà ni, mo rẹ́rìn-ín. Ó yí ẹ̀yìn sí mi, ó ń to àlùbọ́sà. Bí mo ṣe pọn ọmọ lọ sílé-ìwé nìyẹn, lọ́jọ́ náà àti lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Tí mo bá ń tẹ dùùrù, òun náà á tẹ̀ ẹ́. Tí mo bá sọ ọ́ sílẹ̀, á rákò wọ àárín àwọn tó ń ṣeré, ẹni tó ń ṣe aláró á ju ìkòkò sílẹ̀ á gbé e jó. Hẹ́dímásítà dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì.

"Tíṣà, ṣé dùùrù ilé-ìwé ni ọmọ yín ń fi eyín tuntun jẹ yẹn?"

"Ẹ má bínú, sà."

"N kò bínú. Ṣùgbọ́n tí eré yìí bá parí tí ọmọ ṣì ń bá yín wá, ẹ ó máa wo ọmọ nílé. A ó wá ẹlòmíràn sídìí orin."

Mo délé, mo ròyìn fún ọkọ wa, tó ń ta èlùbọ́ àti ẹ̀wà l'Ébùúté Èrò. Ó fi ọwọ́ gbá èlùbọ́ dànù lára aṣọ rẹ̀.

"Ju ọ̀kan sílẹ̀. Má hun nǹkan mọ́. Tí ìyáálé rẹ bá rí i pé o ń gbé ọmọ fúnra rẹ nírọ̀lẹ́, bóyá á tún máa gbà á láàárọ̀."

"Ṣé híhun ló ń bí wọn nínú? Kí ni mo tilẹ̀ ṣe fún wọn?"

"Ọ̀rọ̀ obìnrin méjì, kí ló kan elélùbọ́ níbẹ̀?" Ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó gba mọ́sálásí lọ, bẹ́ẹ̀ ìrun kankan kò tíì tó.

Èmi nìkan wá kù pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn mi. Tí mo bá ju híhun sílẹ̀, ìka mi á kú. Tí mo bá ju orin sílẹ̀, kí ni n ó máa hun sí? Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú àtẹ àlùbọ́sà.

"Ìyáálé mi, ẹ dákun. Ẹ sọ ohun tí mo ṣe fún mi."

Kò gbé ojú sókè. "Olórin kì í bi ẹni tó kọrin bú pé orin wo ni."

"Orin wo?"

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó sì kọ ọ́. Ẹ̀yin ènìyàn, obìnrin náà lóhùn, ohùn ẹni tó ti ṣáájú wákà rí.

Owú wọlé, ẹ wá wò ó,
Ó funfun lójú, ó dúdú nínú ìkòkò . . .

"Ta ló funfun lójú nínú ilé yìí?" Ó fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. "Ìkòkò ta ló máa ń wà lórí iná? Ta ni kò fẹ́ tú? Èmi tí mo gbé ọmọ rẹ títí tó fi tọ̀ sí gbogbo ìró mi!"

Ẹ mọ àṣà wa. Orogún tó bá fẹ́ bú orogún rẹ̀ kì í pe orúkọ. Á sọ ọ́ di orin, á kó o lé ọmọdé lẹ́nu, ọmọdé á gbé e kiri àdúgbò, ẹni tó ni ín á gbọ́. Ohun tí gbogbo ilé rò pé mo ṣe nìyẹn. Nígbà tó sì yé mi, ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu mi. Ọlọ́run ló mọ̀, n kò pè é.

"O tún ń fi mí rẹ́rìn-ín!"

"Òwú ni, ìyáálé mi! Òwú, èyí tí mò ń hun!"

"Àwọn tó ń kọ ọ́ níta kò pe òwú. Etí mi ṣì ń gbọ́ràn."

Irọ́ kọ́. Mo padà sídìí dùùrù, mo fi ìka kan tẹ orin náà díẹ̀díẹ̀. Orin òyìnbó yẹn gbé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì, "òwú" àti "wọlé," lé orí ohùn kan náà, òwú sì di owú létí ẹni tó ń gbọ́. Bẹ́ẹ̀, òwú ní kí o bẹ̀rẹ̀ kí o tó nàró. Owú ni kì í bẹ̀rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ṣe orin náà lókè òkun kò kúkú gbọ́ èdè wa rí.

Mo ti dùùrù pa. Irọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo so ọmọ mọ́ ẹ̀yìn, mo gbé irin, mo ń sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu bí ẹni tó ń ran án. Òwú. Òwú wọlé. Ibi tí ẹnu bá lọ, mo jẹ́ kí orin tẹ̀ lé e. Oòrùn ti pọ́n lórí omi, ẹyẹ ń padà bọ̀, ọmọ ti sùn, mi ò mọ̀ bóyá èmi náà sùn. Nígbà tí mo wo ilẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ tí mo ń hun ti gùn kọjá ẹsẹ̀ ọmọ ènìyàn, orin tuntun sì ti wà lẹ́nu mi. Ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó fò sókè.

Ó kọ́kọ́ ṣòro díẹ̀ fún àwọn ọmọ. "Tíṣà, ti àkọ́kọ́ dùn jù," ni ẹni tó ń ṣe òwú ń wí. Mo ní kó pa ẹnu mọ́, kó máa bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀. Nígbà tó ku ọ̀la kí eré wáyé, mo kó gbogbo wọn wá sí àgbàlá wa lẹ́yìn ìrun àlàásárì. Mo tò wọ́n síwájú yàrá ìyáálé mi. Ó ti fa kọ́tìnì, ṣùgbọ́n mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀.

"Ó yá. Ẹ mú un láti ìsàlẹ̀."

Wọ́n mú un dáadáa, ó dùn, mo ti ń mí kanlẹ̀. Ìgbà tí wọ́n tún un kọ lẹ́ẹ̀kejì ni ìdajì wọn gbàgbé, tí wọ́n fò padà sórí ti òyìnbó. Àwọn tó wà lápá ọ̀tún ń pe òwú, àwọn ti apá òsì ń pe owú. Ọ̀kan ń wọlé, èkejì ń bá a du ẹnu ọ̀nà. Mo ń ju ọwọ́ bí ẹni tí omi ń gbé lọ. Ọmọ jí lẹ́yìn mi, ó bú sẹ́kún. Mo mọ̀ pé ó ti parí: iṣẹ́ ti lọ.

Kọ́tìnì mì. Mo gbọ́ nǹkan bí ikọ́. Ẹ̀rín ni. Ìyáálé mi jáde, ó fi ìbòrí nu ojú.

"Ó tó! Ó tó, ẹ fẹ́ pa mí! Owú ni àbí òwú ni? Ẹ mú ọ̀kan!"

"Òwú ni, mà!" ni gbogbo wọn ké.

"Mo ti gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi ì bá bú mi já gaara, kì í ṣe ariwo báyìí." Ó yíjú sí mi, ó sì na ọwọ́ méjèèjì. "Ìyàwó, gbé ìyẹn wá, kó tó fi ẹkún ba orin tó ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ jẹ́."

Mo sọ ọmọ kalẹ̀. Ó gbé e lé èjìká, ó fẹnu sí etí mi. "Ṣùgbọ́n, láàárín èmi àti ìwọ, ti burúkú yẹn ló dùn jù."

Lọ́jọ́ eré, iwájú pátápátá ló jókòó sí pẹ̀lú ọmọ. Tí orin bá ti fẹ́ dé, á kọ́kọ́ yíjú sí àwọn obìnrin ẹ̀yìn rẹ̀: "Òwú ni o! Òwú ni wọ́n ń pè, ẹ má ṣì í gbọ́." Hẹ́dímásítà rí i pé ọmọ wà lórí itan ẹlòmíràn, kò tún bá mi sọ ọ́ mọ́. Mo ṣe iṣẹ́ méjèèjì títí irun mi fi funfun.

Gbogbo rẹ̀ ti kọjá. Ìyáálé mi ti lọ, Ọlọ́run yóò fi àánú gbà á. Àwọn ọmọ bíbí inú rẹ̀ jogún yàrá. Ọmọ mi, tí ó fi ọwọ́ méjèèjì wò, jogún tẹ̀sùbáà rẹ̀, ó sì ń fi í ṣe àdúrà fún un títí dòní. Kòkòrò jogún dùùrù. Orin tó tọ́ kò rí ẹni jogún rẹ̀, mo rò pé èmi nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n. Èyí tí kò tọ́ ni àwọn obìnrin Ìsàlẹ̀ Èkó gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Mo ti gbọ́ ọ nínú ìjà orogún tí kò kàn mí rárá, wọ́n ń kọ ọ́ já gaara. Nígbà tí ọkọ wa sì fẹ́ ìyàwó mìíràn, oyè ìyáálé bọ́ sí mi lórí. Ọmọ tí ìyàwó náà bí jogún itan mi.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí ẹ gba ìtàn.