Ẹ̀jẹ̀ Tí Bàbá Mi Fi Pamọ́

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá mi, ní Bódìjà la sì ń gbé. Lọ́dún tó ṣáájú ikú wọn, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n, ṣòkòtò ò sì dúró ní ìdí wọn mọ́. Mo gbé wọn lọ sí ọsibítù. Dókítà wo fọ́tò inú ara wọn tí wọ́n yà, ó ní jẹjẹrẹ ti mú kíndìnrín kan, ó sì ti tàn dé ẹ̀dọ̀fóró.

Ó bi wọ́n pé, "Bàbá, ṣé ẹ ò rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ yín rí?"

Bàbá mi wolẹ̀. "Mo rí i lọ́dún tó kọjá. Kò dùn mí, ó sì dá fúnra rẹ̀. Mo rò pé zóbò tí mo mu ni."

"Ká ní ẹ tètè wá ni, bóyá à bá yọ kíndìnrín yẹn, kí èkejì máa ṣiṣẹ́. Ní báyìí, oògùn tó máa fà á sẹ́yìn díẹ̀ la máa lò."

Nínú mọ́tò, bàbá mi ní, "Má sọ fún màmá rẹ pé mo ti rí i tẹ́lẹ̀." Mo ṣèlérí.

Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi lo oògùn náà kí wọ́n tó kú. Títí di òní ni ìyá mi ń bi mí bí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ṣe wọlé láìfi àmì kankan hàn.