Aṣọ Tútù Lójú Fèrèsé Rélùwéè

Ẹni tí kò bá tíì wọ kíláàsì kẹta rélùwéè láti Ìjòkó lọ sí Ìddó lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, kò tíì mọ ohun tí ooru ń jẹ́. Irin ni òrùlé ọkọ̀ náà, pákó ni ìjókòó rẹ̀, àwa èèyàn á sì há mọ́ ara wa pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ gààrí, adìẹ àti agolo epo. Bí o bá ṣí fèrèsé, èéfín á wọlé, ẹ̀yinná wẹ́wẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń tu síta á bà lé aṣọ rẹ, á sì dá ihò sí i. Bí o bá tì í, o ti wọ inú ìkòkò, o sì ti fi ọwọ́ ara rẹ dé e.

Kálukú ló ní ọgbọ́n tó fi ń wá ìtura. Àwọn ọkùnrin a máa bọ́ dàńṣíkí, wọ́n á jókòó sínú síńgílẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọ̀dọ́ á lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á di irin mú, títí gáàdì á fi wá lé wọn wọlé. Àwọn obìnrin á máa fi etí ìborùn fẹ́ ara wọn. Mo mọ bàbá kan tó máa ń tẹ́ ewé kókò sábẹ́ fìlà rẹ̀. Ó ní bí orí òun bá ti tutù, ìyókù ara lè máa jóná lọ.

Tèmi ni aṣọ tútù. Ibi tí wọ́n ti ń la pákó ní Èbúté-Mẹ́ta ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì máa ń wálé sí Ọ̀tà bí ọ̀sẹ̀ bá ti parí, ọ̀nà yẹn kò ṣàjèjì sí mi. Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló kọ́ mi. Mo máa ń rẹ aṣọ ìnura kan tó nípọn sínú omi ní téṣàn, n ó fún un díẹ̀, n ó ṣí fèrèsé, n ó sì fi í bo ojú fèrèsé náà, n ó so etí rẹ̀ méjèèjì mọ́ igi. Bí ọkọ̀ bá ti ń sáré, atẹ́gùn á gba inú aṣọ náà wọlé, á tutù bí ẹni pé èèyàn jókòó sétí odò. Ẹ̀yinná tó bá bà á, ibẹ̀ ló máa kú sí. Àwọn èrò á máa sún mọ́ mi, wọ́n á ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ ká jọ jẹ nínú ẹ̀." Inú mi máa ń dùn. Mi ò kàwé kọjá sítáńdáàdì kẹta, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń wá kọ́ lọ́dọ̀ mi bí kò ṣe ìyẹn. Mo ti fi í sílẹ̀ báyìí.

Àkọ́bí wa ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin ni. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ọ̀tà ni ìyàwó mi lọ bí i sí, ibẹ̀ ló sì wà pẹ̀lú ọmọ, wọn kò tíì pé ogójì ọjọ́ tí wọ́n fi ń jókòó sílé. Ìyá ìyàwó mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ló ń wẹ ọmọ náà. Òun ló ń wẹ gbogbo ọmọ tuntun agbo ilé wọn, ọwọ́ rẹ̀ ni ìyàwó mi pàápàá ti dàgbà. Bí ọmọ bá ti sín, òun ló máa kọ́kọ́ jí.

Ọjọ́ Sátidé kan ni mo dé láti Èkó, mo bá ara ọmọ tó gbóná janjan. Ó ti kọ ọmú láti àná. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ń mọ́ lọ́wọ́ ni a gbé e lọ sí dìsípẹ́ńsárì. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ fi ọwọ́ kan àyà rẹ̀, ó ní agbára òun kò ká a, ká gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Èkó lọ́jọ́ náà gan-an. Bí a ṣe ń jáde, ó fà mí sẹ́yìn. Ó ní kí n má jẹ́ kí wọ́n wé ọmọ náà, kí a jẹ́ kí atẹ́gùn máa kàn án, kí a sì máa fi aṣọ tútù nù ún lára títí a ó fi dé ọ̀hún. Ó ní bí ooru ara rẹ̀ bá lọ pàdé ooru ọkọ̀, gìrì lè mú un. Èmi nìkan ló sọ fún. Màmá ti gbé ọmọ náà mọ́ àyà, ó ti wà lójú ọ̀nà.

A gba ọ̀nà Ṣàngó, a bọ́ sí Ìjòkó. Ẹsẹ̀ la fi rìn ín. Nígbà tí a máa fi dé téṣàn, òógùn ti bo àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò làágùn rárá, ara rẹ̀ gbẹ bí ewé. Mo rẹ aṣọ ìnura mi lẹ́nu ẹ̀rọ omi. Mo sáré wọlé ṣáájú àwọn èrò, mo gba ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé fún Màmá àti ìyàwó mi, mo so aṣọ náà kọ́, ọkọ̀ sì ṣí.

Atẹ́gùn tútù wọlé. Mo rí i tí ọmọ náà yíjú sí i. Ó la ẹnu díẹ̀, bí ìgbà tó bá ń wá ọmú, ìyàwó mi sì wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Màmá bi wá pé ta ló so aṣọ yẹn síbẹ̀. Mo ní èmi ni.

"Omi tútù, atẹ́gùn tútù, lórí ọmọ tí kò tíì pé ogójì ọjọ́?"

Ó tú u kúrò, ó ká a, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó fa fèrèsé wálẹ̀, ó tì í. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í wé ọmọ náà: fìlà òwú, ìbọ̀sẹ̀, bùláńkẹ́ẹ̀tì tó ti pa mọ́ láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti lóyún, ìborùn rẹ̀ lórí gbogbo rẹ̀. Imú ọmọ nìkan ló kù síta. Mo sọ ohun tí ọkùnrin dìsípẹ́ńsárì sọ. Mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ojú mi wà nílẹ̀. Kò bínú. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ ara rẹ̀.

"Ọmọ mélòó lo ti tọ́, ọmọ mi?"

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀ẹ̀kan ni ọkọ lè fi èrò tirẹ̀ han ìyá ìyàwó. Bó bá tún un sọ, ó ti di àríyànjiyàn, kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo agbo ilé á ti gbọ́ pé ọkọ ọmọ àwọn kò lẹ́kọ̀ọ́. Bàbá mi kì mí nílọ̀ lórí rẹ̀ nígbà tí a lọ tọrọ ìyàwó. Mo ti sọ tèmi lẹ́ẹ̀kan. Mo ká aṣọ tútù náà sórí itan mi, omi rẹ̀ ń ro sí ṣòkòtò mi, èmi nìkan ni ara tù nínú wa.

Ọkùnrin kan jókòó kọjú sí wa, ó wọ ẹ̀wù sójà tó ti ṣá. Ogun Bọ́mà ló ti dé, ó sì ti ń pa àwọn èrò lẹ́rìn-ín láti ìgbà tí a ti wọlé. Ó ní wọ́n ta tíkẹ́ẹ̀tì fún òun gẹ́gẹ́ bí èèyàn, ṣùgbọ́n ẹja yíyan ni wọn yóò gbà lọ́wọ́ gáàdì ní Ìddó. Nígbà tó rí i tí Màmá ń fi ìborùn bo ọmọ, ó pa ẹ̀fẹ̀ tì. Ó ní, "Ìyá, ẹ dákun, ẹ tú ọmọ yẹn sílẹ̀. Irú ooru yìí pa àgbà ọkùnrin lójú mi."

Màmá kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Sójà, ṣé ọmọ ni wọ́n kó fún ọ tọ́jú ní Bọ́mà?"

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà pẹ̀lú rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó túúbá. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rántí rẹ̀ dáadáa, nítorí ìyàwó mi kò rẹ́rìn-ín, ojú mi ló ń wò.

Ní Àgbàdo, ọkọ̀ dúró. Gáàdì ní èyí tó ń bọ̀ láti Èkó gbọ́dọ̀ kọjá ká tó lè lọ, ọ̀nà kan ṣoṣo ni irin ní. Oòrùn ti wà ní àtàrí. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, ooru rẹ̀ ṣì ṣeé fara dà, ṣùgbọ́n bó bá dúró, ńṣe ni òrùlé irin yẹn ń da iná sí èèyàn lórí. Àwọn tí kò ní ẹrù bọ́ sílẹ̀ lọ sábẹ́ igi. Mo bi Màmá bóyá ká bọ́ sílẹ̀. Ó ní afẹ́fẹ́ wà lábẹ́ igi. A jókòó. Òógùn ń ṣàn gba ojú rẹ̀ bọ́ sórí bùláńkẹ́ẹ̀tì, kò nù ún, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lára ọmọ. Bó bá jẹ́ pé kò fẹ́ràn ọmọ yẹn ni, ìbá rọrùn fún mi láti sọ̀rọ̀.

Ìyàwó mi fi igunpá kàn mí. Ó sọ ọ́ sí mi létí pé, "Bá wọn sọ̀rọ̀. Èmi ò lè sọ ọ́, ìyá mi ni."

Mo ní, "Ìyá ìyàwó mi ni."

Ó yíjú sí fèrèsé tí a tì. Mo gbọ́ ohùn ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, mo sì sọ nínú ọkàn mi pé bó bá ti kọjá, a ó máa lọ, ara ọmọ á sì balẹ̀. Ohun tí mo ń dúró dè nìyẹn. Ọkọ̀ kejì ni mo gbé ọ̀rọ̀ ẹnu mi lé lórí.

Kí ó tó kọjá ni gìrì dé. Mo rí i tí bùláńkẹ́ẹ̀tì ń mì. Ojú ọmọ yí sókè, ó di erìgì rẹ̀ tí kò tíì hu eyín pọ̀. Màmá kígbe pé òtútù ti wọ inú rẹ̀. Ohun tí wọ́n mọ̀ nípa gìrì láti ìgbà ìyá ìyá wọn nìyẹn, òtútù ló ń fà á. Ó tú ìró òkè rẹ̀, ó fẹ́ fi kún un.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tú ìborùn, mo tú bùláńkẹ́ẹ̀tì, mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Ara rẹ̀ jó mi lọ́wọ́. Mo fi aṣọ ìnura nù ún lójú, láyà, nínú abíyá. Sójà ti fa fèrèsé sókè, ó ń fi fìlà rẹ̀ fẹ́ ẹ. Ọkọ̀ láti Èkó kọjá pẹ̀lú ariwo. Tiwa fà, ó ṣí, atẹ́gùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Mo gbé ọmọ mi sójú rẹ̀.

Gìrì náà dáwọ́ dúró. Díẹ̀díẹ̀ ni ara rẹ̀ ń rọ̀ lọ́wọ́ mi, díẹ̀díẹ̀ ni iná ara rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ara rẹ̀ ti ń tutù. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ayọ̀. Ìyàwó mi na ọwọ́, ó fi ẹ̀yìn ìka kan ẹnu rẹ̀, ó fi í síbẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ló gbà á lọ́wọ́ mi, ó sì gbé e lé ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

A bọ́ sílẹ̀ ní Agége. Sójà bá wa gbé ẹrù sílẹ̀, ó dúró wò wá láti ẹnu ọ̀nà títí ọkọ̀ fi gbé e lọ. Kò sí ohun tí a fẹ́ lọ ṣe ní Èkó mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ tó ń padà lọ dé. A kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí gáàdì bá mọ ohun tí a gbé, kò ní jẹ́ ká wọlé, a sì gbọ́dọ̀ dé Ọ̀tà kí wọ́n lè wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n kírun sí i lára. Màmá gbé e mọ́ àyà bí ọmọ tó ń sùn. Obìnrin kan tó jókòó tì wá wò ó, ó ní, "Ọmọ yìí mà sùn dáadáa o, tèmi kì í jẹ́ kí n gbádùn nínú ọkọ̀."

Màmá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Kì í yọni lẹ́nu."

Ìgbà yẹn, oòrùn ti wọ̀, kò sí ooru mọ́, gbogbo èèyàn ti ti fèrèsé nítorí ẹ̀yinná. Màmá ṣí tiwa. Kò wé ọmọ náà. Ó bọ́ fìlà òwú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kéékèèké méjèèjì wà níta lásán, ó sì gbé e sún mọ́ fèrèsé, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí i. Ẹ́ńjìnnì ń tu iná. Mo rí ẹ̀yinná kan tó bà lé èjìká ìborùn Màmá, tó pupa, tó dá ihò, tó sì kú. Òmíràn bà lé apá rẹ̀. Obìnrin ẹ̀gbẹ́ wa bẹ̀ ẹ́ pé kó ti fèrèsé. Mo nawọ́ láti fà á wálẹ̀.

"Jẹ́ kó wọlé," ó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. "Ọmọ mi, jọ̀ọ́. Jẹ́ kó wọlé."

Mo fi í sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ kan bo ojú ọmọ nítorí iná, kò bo tirẹ̀. Títí a fi dé Ìjòkó, kò gbọn ẹ̀yinná kankan dànù lára. Aṣọ ìnura mi wà lórí itan mi, kò tíì gbẹ.