Irọ́ Tí Mo Ń Pa fún Àwọn Ará Ẹ̀fọ̀n

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé Ẹ̀fọ̀n gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì alábẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹni mẹ́rin ló bi mí pé níbo ni mò ń lọ kí n tó rìn dé ilé tí mo gbà. Màmá Tíṣà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì tó ni ilé náà, fi tirẹ̀ kún un: "Ọ̀nà wo lo máa ń gbà lọ síbi iṣẹ́? Ìgbà wo lo máa ń padà wá ulé?"

Níbòmíràn, àtojúbọ̀ là ń pe èyí. Ní Ẹ̀fọ̀n, ìkíni ni. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni mo ti wá, ìròyìn ajínigbé sì pọ̀ lójú ọ̀nà oko nígbà náà. Mo ní ẹni tó ń béèrè tó báyìí, ó ní àwọn tó ń lọ ta lólobó. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́ ibi tí mò ń lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, mo sọ fún Màmá Tíṣà pé Àrámọ̀kọ ni mò ń lọ, n ó dé kí ọ̀sán tó pọ́n. Abà kan lẹ́yìn òkè ni mo gbà lọ, pẹ̀lú kúlà tí a fi ń gbé oògùn nínú yìnyín. Nígbà tí mò ń padà, kùrukùru bo gbogbo orí òkè. Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin lẹ́yìn mi.

"Kò lè tíì jìnnà. Ẹ gba ọ̀tún."

Mo kó sínú oko kòkó, mo dùbúlẹ̀ sórí ewé gbígbẹ. Fóònù mi kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Èèrà ń jẹ mí lọ́rùn, n kò gbọ́dọ̀ gbé ọwọ́. Mo rí bàtà rọ́bà kan tó kọjá, mo rí ìdí ìbọn ṣakabùlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì!" ni ẹni náà pè.

Ó mọ iṣẹ́ mi. Mo ro ìyá mi, tí yóò gbé fóònù tí yóò gbọ́ ohùn àjèjì.

Ó tó wákàtí méjì kí n tó gbọ́ ohùn obìnrin. "Nọ́ọ̀sì, èmi ìyá Ìbùkún ni, ọmọ tó tọ̀ sí yín lára láàárọ̀. Wọ́n rí àwọn àjèjì lójú ọ̀nà lẹ́yìn tí ẹ lọ. Àwọn ọkọ wa ló ń wá yín, kí wọ́n lè sìn yín délé."

Mo jáde. Ọkùnrin oníbọn náà gbé kúlà mi lérí. Wọ́n sìn mí dé ẹnu ọ̀nà Màmá Tíṣà.

Nígbà tí Màmá kò rí mi lásìkò, ó ti rán ọlọ́kadà sí ọ̀nà mẹ́ta. Délé, ará àdúgbò wa, ló gba ọ̀nà Àrámọ̀kọ. Ó ṣubú nínú kùrukùru, apá rẹ̀ bó. Màmá wo ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ mi, ó wo àwọn ará abà. "Jókòó, jẹun," ló wí. Kò bi mí ní nǹkan kan.

Èmi ni mo fọ ọgbẹ́ Délé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì bà á lẹ́rù ju ọ̀nà lọ. Ó ti kọjú sí ògiri.

"Bọ̀ọ̀dá Délé," mo ní, "n kò lọ sí Àrámọ̀kọ. Irọ́ ni mo pa."

"A mọ̀, nọ́ọ̀sì. Ó ti pẹ́ tí a ti mọ̀. Màmá ní kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́, pé ẹ̀rù ló ń bà yín, ojú á tì yín. Ìdí tó fi rán wa sí ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìyẹn." Ó di ojú rẹ̀ pinpin. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yára gún un."