Bí Mo Ṣe Lọ Mú Àdùnọlá Wálé Láti Yaba

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo jáde nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Ìyá mi tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lẹ́sẹ̀ títí a fi dé etí títì. Kò sọ pé kí n ṣọ́ra fún àwọn ará Èkó gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló sọ: "Tí o bá rí i pé ojú ọmọ náà kò dáa, má bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Mú un bọ̀ wá fún mi." Mo ní ó dáa, Màmá.

Àdùnọlá ni ọmọ náà. Òun ni àbíkẹ́yìn ìyá wa, èmi ni àkọ́bí, ẹ̀yìn mi ló sì gbé dàgbà. Yunifásítì kan ní Èkó gbà á lọ́dún yìí, a jó, a yọ̀, mo rán aṣọ tuntun fún un. Kò pẹ́ tó débẹ̀ tí ẹkún bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù. Mo bi í bóyá ẹ̀kọ́ ló le, ó ní ẹ̀kọ́ kò le. Ó ní, "Àǹtí mi, kò sẹ́ni tó rí tèmi rò níbí. Ẹ jẹ́ kí n máa bọ̀ nílé, kí n wá kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ yín." Aránṣọ ni mí, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Ọmọ tó ti ń fi ara rẹ̀ ṣe dókítà fún àwọn adìyẹ wa láti kékeré ló fẹ́ wá máa bá mi gé òwú.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi fún ọkọ̀. Iwájú ni mo jókòó sí, nítorí mo fẹ́ràn láti máa wòran. Ọ̀nà kò dáa títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ Ọ̀yọ́. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti mọ́ bá wa, mo sì rí àwọn obìnrin tí wọ́n ti ń gbá iwájú ilé wọn. Awakọ̀ wa, bàbá kan tó dé fìlà bo etí méjèèjì, bi mí pé kí ni mò ń lọ ṣe. Mo ní àbúrò mi wà ní yunifásítì, inú rẹ̀ kò dùn, mo fẹ́ lọ wò ó.

"Ọdún àkọ́kọ́ ni?" ó bi mí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Èmi ni mo máa ń gbé wọn lọ. Àwọn kan á sunkún láti ibí dé Ìbàdàn. Àwọn kan kì í parí sáà kan, wọ́n á ti kó ẹrù wọn bọ̀."

Mo bi í bóyá àwọn tí wọ́n kó ẹrù bọ̀ máa ń padà. Ó fọn fèrè fún màlúù kan tó fẹ́ kọjá kó tó dá mi lóhùn. Ó ní, "Kí n má purọ́ fún yín, mi ò tíì gbé ìkankan padà." Nígbà tí a dé Ìbàdàn, mo ra búrẹ́dì fún Àdùnọlá.

Ọjọ́ta ni mo bọ́ sílẹ̀ sí. Wọ́n ní kí n wọ bọ́ọ̀sì gbọọrọ kan tó ní ọ̀nà tirẹ̀ lójú títì, tí mọ́tò mìíràn kò gbọdọ̀ tọ̀. Wọn kì í gba owó níbẹ̀. Káàdì ni wọ́n ń fi kan ẹ̀rọ kan, ẹ̀rọ náà á sì dún. Mi ò ní káàdì. Obìnrin kan fi tirẹ̀ kàn án fún mi, ó gba owó lọ́wọ́ mi, kò wo ojú mi. Mo wọlé, mo kí gbogbo ọkọ̀ pé ẹ káàsán o. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló yọ nǹkan tó kì sí etí, tó ní, "Ṣé èmi lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀, ma?" Mo ní rárá, gbogbo yín ni. Ó mi orí, ó sì dá nǹkan náà padà sí etí. Nílé wa, tí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ tí kò kí ará ọkọ̀, wọ́n á bi í bóyá inú igbó ló ti ń bọ̀.

Nígbà tí mo dé Yaba, Àdùnọlá ti ń dúró dè mí lẹ́nu géètì ilé ìwé wọn. Ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó sì so mọ́ mi lọ́rùn. Aṣọ tí mo rán fún un ti ń jábọ́ lára rẹ̀ léjìká. Mo mọ iye tí mo wọ̀n ọ́n, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ náà ti rù.

Ilé tí wọ́n ń gbé kò jìnnà sí ilé ìwé, yàrá-yàrá ni wọ́n pín in fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Òun àti ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ìbùkún ni wọ́n jọ wà nínú yàrá kan. Bẹ́ẹ̀dì méjì, tábìlì kan, fèrèsé kan tó kọjú sí ògiri. Báàgì Àdùnọlá ti wà ní dídì lẹ́bàá ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ó rí i pé mo rí i, ó gbé ojú kúrò.

Ìbùkún ń dáná ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wọlé pẹ̀lú ìkòkò, ó tẹ orúnkún díẹ̀. Ṣòkòtò jíǹsì rẹ̀ ya ní orúnkún méjèèjì, ọwọ́ sì ń yún mi láti lẹ̀ ẹ́.

"Ẹ káàsán ma. Àǹtí, ẹ kú ìrìn o. Ṣé kí n bu ráìsì fún yín?"

Òórùn ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù yẹn ti gba gbogbo yàrá. Láti àná ni mi ò ti jẹun gidi. Mo ní, "Rárá o, má ṣèyọnu. Mo ti jẹun lọ́nà."

"Okay ma," ó ní. Ó yíjú sí àbúrò mi. "Àdùn ńkọ́?"

"Rárá, ẹ ṣé," ni àbúrò mi wí.

Ìbùkún bá bu tirẹ̀. Ó jókòó, ó jẹ ẹ́. Mo ń wò ó bí ẹni wo tẹlifísàn. Mo ń retí pé yóò gbójú sókè, kó ní ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ tọ́ ọ wò. Kò gbójú sókè. Ó jẹun tán, ó fọ àwo, ó sì dé ìkòkò. Ikùn mi kígbe, mo sì wúkọ́ láti fi bò ó.

Ó gbé báàgì kékeré kan kọ́ èjìká. "Mo ń lọ kí mọ́mì mi ní Surulere, kò jìnnà. Àǹtí, Àdùn, ṣé ẹ máa tẹ̀ lé mi?"

"Rárá, a dúpẹ́," Àdùnọlá dáhùn kíá.

"Okay. Ó di alẹ́." Ó jáde.

Ojú àbúrò mi ni mo ń wò. Ojú náà tẹ̀ lé Ìbùkún títí ilẹ̀kùn fi pa dé, bí ojú ọmọ tí wọ́n gbàgbé sí ilé lọ́jọ́ ọdún. Mo bi í pé, "Ṣé o ò fẹ́ lọ ni?"

"Mo fẹ́ lọ."

"Kí ló dé tí o ní rárá?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo ti ya wèrè. "Àǹtí mi, ẹ̀ẹ̀kan ló bi wá."

Ẹ̀rín wá gbé mi, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ikùn òfìfo sì ń dún lábẹ́ ẹ̀rín náà. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Tí wọ́n bá fi nǹkan lọ̀ ọ́ nílé onílé, wàá kọ́kọ́ ní rárá. Wọ́n á tún lọ̀ ọ́, wàá ní ẹ má ṣèyọnu. Ìgbà kẹta ni wàá tó gbà á, wàá sì ṣe bí ẹni pé nítorí tiwọn ni. Ọmọ tó bá gbà á lẹ́ẹ̀kan, olójú kòkòrò ni. Ìyá wa kì í pariwo. Á kàn fi ojú wò ọ́ ni, nígbà tí ẹ bá sì délé, itan rẹ á mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ni Àdùnọlá gbé wá sí Èkó. Wọ́n ní kó wá jẹun, ó ní rárá. Wọ́n ní kó wá bá àwọn kàwé, ó ní rárá. Ó wá jókòó sínú yàrá, ó ń retí ìgbà kejì.

Mo sáré jáde. Ìbùkún ti fẹ́ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá.

"Ìbùkún, jọ̀ọ́. Ṣé o lè tún bi wá?"

"Kí n bi yín ní kí ni, ma?"

"Pé ká tẹ̀ lé ọ."

Ó wò mí, ó wo àbúrò mi tó dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Mo ṣàlàyé fún un lójú títì níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ah, Àǹtí! Mo rò pé kò fẹ́ràn mi ni o. Mọ́mì mi máa ń sọ fún wa pé tí ènìyàn bá ti ní rárá, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ má yọ ọ́ lẹ́nu. Mo sọ fún wọn pé rúùmeètì mi kì í bá ẹnikẹ́ni ṣe, ó ń dá wà." Onímárúwá ní tí a ò bá wọlé òun ń lọ. Ìbùkún ní, "Àdùn, ṣé o máa lọ?" Àdùnọlá ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹgbẹ̀ta náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wa.

Ọ̀nà Surulere kò rí bí mo ṣe rò ó. Mo ti rò pé gbogbo Èkó ni ariwo, ṣùgbọ́n àdúgbò wọn dákẹ́, igi àgbọn wà níwájú ilé, àwọn àgbàlagbà sì jókòó sí ẹ̀yìn ọgbà pẹ̀lú ìwé ìròyìn. Tíṣà ni ìyá Ìbùkún ní ilé ìwé girama, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Ó kí wa káàbọ̀, ó ní, "Ẹ̀wà àti dòdò wà. Àdùnọlá, ṣé wàá jẹ?"

Àbúrò mi kọ́kọ́ wo ojú mi, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń wo ojú ìyá wa. Mo yára gbé ojú mi sí kọ́tìnnì fèrèsé wọn, mo ń wo bí wọ́n ṣe ká etí rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn kékeré kan pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, ma. Mo máa jẹ." Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Obìnrin náà kò wò ó tìkà tẹ̀gbin. Ó ní ó dáa, ó yíjú sí mi: "Ẹ̀yin ńkọ́, Àǹtí?"

Ẹnu mi nìkan ló mọ ohun tó ṣe. Ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, ma."

Àdùnọlá bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tó ti kúrò nílé, mi ò gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ bu fún wọn. Ebi ń pa wọ́n kú lọ." Mo jẹ àwo méjì, mo sì dúpẹ́.

Kí ẹ má rò pé ẹ̀wà ló wo ọkàn ọmọ náà sàn. Nígbà tí a ń padà sí Yaba nírọ̀lẹ́, ó sọ fún mi pé tí òun bá jí láàárọ̀, òun ṣì máa ń dákẹ́ láti gbọ́ ìgbálẹ̀ Màmá ní àgbàlá, tí òun kò bá sì gbọ́ ọ, ọkàn òun á wó lulẹ̀. Mo sọ fún un pé ilé kò dùn fún èmi náà láti ìgbà tó ti lọ, pé mo máa ń pe orúkọ rẹ̀ láti bá mi mú abẹ́rẹ́ kí n tó rántí pé kò sí nílé. A sunkún díẹ̀. Mo bi í bóyá ó ṣì fẹ́ bá mi lọ sílé. Ó ní òun kò mọ̀, kí ilẹ̀ mọ́ ná.

Lọ́jọ́ kejì ó sìn mí dé gáréèjì Ọjọ́ta. Báàgì tó ti dì kalẹ̀ yẹn, ó gbé e dání, èmi náà kò sì béèrè ìdí rẹ̀. Ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, àyè méjì ló kù. Àwọn èrò inú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn ilé wa, mo sì rí bí àbúrò mi ṣe ń fetí sí wọn.

"Àdùn," mo ní, "ṣé ká lọ?"

"Rárá, Àǹtí mi. Ẹ máa lọ."

Omi kún ojú rẹ̀ nígbà tó sọ ọ́. Tó bá jẹ́ nílé wa ni, omi ojú yẹn ti tó kí n bi í lẹ́ẹ̀kejì, kí n fà á lọ́wọ́ wọ ọkọ̀. Ìbéèrè náà ti dé orí ahọ́n mi. Mo gbé e mì. Mo fún un ní búrẹ́dì tí mo ti gbàgbé sínú báàgì mi, ó gbé ẹrù rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì rìn padà lọ sí ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì Yaba. Mo sunkún títí a fi kọjá Ìbàfò, n kò ní fi pamọ́ fún yín.

Ìyá mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà nígbà tí mo délé. Ó wo ẹ̀yìn mi, kò rí ẹnìkan.

"Ọmọ mi dà?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ìrẹsì, Surulere, gáréèjì. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin. "O bi í bóyá ó fẹ́ bọ̀?"

"Mo bi í, Màmá. Ó ní rárá."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lo bi í?"

"Ẹ̀ẹ̀kan."

Ó dìde, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ní kí n pe ọmọ òun. Ohùn Àdùnọlá dún jáde, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá mi ní, "Àdùn mi, ṣé kí ẹ̀gbọ́n rẹ padà wá mú ọ?"

"Rárá, Màmá. Tí a bá parí sáà, màá wálé."

Mo rí i tí ìyá mi la ẹnu. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, mi ò rí i kó bi ènìyàn ní nǹkan lẹ́ẹ̀kan kó fi mọ síbẹ̀. Ó pa ẹnu náà dé. Lẹ́yìn náà ló wá ìjókòó, ó jókòó, ó gbé fóònù mọ́ etí dáadáa.

"Ó dáa," ó ní. "Kí lo jẹ lónìí?"